Ìran Tó Yọ Mí Kúrò Nínú Tíìmù

Sátidé, ìrọ̀lẹ́

Ẹnu mi yìí ti sú mi.

Kóòṣì wa tó gbé Ọsirélíà rí ti mú ẹni mẹ́fà tí yóò lọ sí Èkó ní Túsìdé. Àwọn òyìnbó ń wá ọmọ tó lè gbá bọ́ọ̀lù wọn tó rí bí ẹyin. Èmi àti Kúnlé wà níbẹ̀.

Mo kàn fẹ́ dẹ́rù ba Kúnlé ni. Mo sá pamọ́ sẹ́yìn ṣọ́ọ̀ṣì, mo fi ohùn Ìyá Wòlíì tó máa ń ríran ní ṣọ́ọ̀ṣì wa sọ pé, "Ọmọ gíga tó ń fò gba bọ́ọ̀lù, má rìnrìn àjò yìí o." Mi ò mọ̀ pé kóòṣì wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀. Ni kóòṣì bá kúnlẹ̀.

Nígbà tí mo yọ sí wọn, ó ní, "Ìran ò dárúkọ. Ẹ̀yin méjèèjì lẹ ga. Ẹ jókòó sílé."

"Ẹ bi Ìyá Wòlíì wò, sà."

"Ṣé wàá bá Ẹ̀mí jiyàn ni?"

Tí mo bá jẹ́wọ́, kóòṣì á lé mi, Kúnlé nìkan ni yóò lọ. Tí mi ò bá sì jẹ́wọ́, àwa méjèèjì la máa jókòó sílé.

Kúnlé ṣẹ̀ṣẹ̀ kúrò níbí. Ó ní ká jọ gbààwẹ̀ kí ìran náà lè yí padà. Mo gbà, bí òpònú. Ìyá mi ti ro pupuru, ọbẹ̀ ẹja ń ta sánsán, àmọ́ Kúnlé ti sọ fún wọn pé mi ò ní jẹun.