Kọ̀ǹpútà Ní Ó Ti Wọlé

Olóòtú wa, ẹ kú làálàá wa o. Ẹ jọ̀ọ́, ẹ má dárúkọ mi.

Oògùn là ń tà fún àwọn ilé ìwòsàn. Bí a bá tẹ ohun tí wọ́n fẹ́ sínú kọ̀ǹpútà báyìí, kì í gbà á sílẹ̀ mọ́; "Kò wọlé" ló ń kọ síta. Àna ọ̀gá wa tó ní òun máa tún un ṣe fi ẹ̀tẹ̀ sílẹ̀, ó ń pa làpálàpá: ọ̀rọ̀ yẹn nìkan ló pààrọ̀ sí "Ó ti wọlé." Ọ̀gá sì pàtẹ́wọ́! Ó rí mi lára.

Lánàá, nọ́ọ̀sì kan pè mí pé oògùn aláìsàn òun dà. Ọ̀rọ̀ náà rùn lẹ́nu mi bí mo ṣe ní, "Ó ti wọlé."

Ó ní, "Ilé ta ló wọ̀?"

Ẹ̀yin olùgbọ́, ẹ bá mi dá a lóhùn.