Ràfátù Kò Ní Padà sí Èkó

Òmù-Àrán,
Oṣù Kọkànlá, 1984.

Ọláyíwọlá àbúrò mi,

Mo kí ọ, mo kí Lucy ìyàwó wa, mo kí àwọn ọmọ. Bàbá ń kí yín. Ẹsẹ̀ tó ń dùn wọ́n ti fúyẹ́ díẹ̀. Ìjọba kò tíì san owó oṣù àwa tíṣà, ṣùgbọ́n iṣu ta dáadáa. Nílé tí ìjọ wa ti ń tọ́jú ọmọ òrukàn, àwọn ọmọbìnrin ti ń rán yẹ̀rì fúnra wọn.

Ọ̀rọ̀ tó mú mi kọ̀wé rèé. Ràfátù, ọ̀kan nínú wọn, tí o gbà lọ́wọ́ wa lọ sí Èkó pé wàá fi sílé ìwé, ti sá padà wálé. Nígbà tí mo ń wẹ̀ fún un, mo rí ojú àpá ńlá lẹ́yìn rẹ̀. Mo ní kí ló ṣe é.

“Mo jó ṣẹ́ẹ̀tì bùrọ̀dá níná, ni àǹtí bá fi áyọ́ọ̀nù gbígbóná tẹ̀ mí lẹ́yìn.”

“Bùrọ̀dá ńkọ́?”

“Wọ́n jókòó síbẹ̀, mà.”

Ọláyíwọlá, omi bọ́ lójú mi. Ó ti padà sídìí ẹ̀rọ ìránṣọ, ṣùgbọ́n bí a bá ti ń da ẹyín iná sínú áyọ́ọ̀nù, ńṣe ló ń sá jáde. Má rán ẹnikẹ́ni wá mú un. Àwa la máa kọ́ ọ níṣẹ́.

Kí Ọlọ́run ṣọ́ yín, kó sì mú kí ọkàn Lucy rọ̀. Bí o bá wálé fún Kérésì, ọ̀dọ̀ Ràfátù ni kí o kọ́kọ́ yà, kí o bẹ̀ ẹ́, kí o tó wá kí Bàbá.

Èmi ni ẹ̀gbọ́n rẹ,
Rúùtù.