Màmá Kọ-Ọ́-Sílẹ̀, Ẹni Tó Pa Orúkọ Ọmọ Ọlọ́mọ Mọ́

Ní ọdún 1953, nínú ilé pẹ̀tẹ́ẹ̀sì kan tó kọjú sí ilé ìtẹ̀wé, ni a bí màmá wa ọ̀wọ́n. Bàbá wọn ń di ìwé, ìyá wọn sì jẹ́ olùkọ́. Àwọn àbúrò wọn jẹ́rìí pé bí ẹnikẹ́ni bá fa Màmá níjà ní kékeré, wọn yóò kọ ọjọ́ àti aago rẹ̀ sílẹ̀. Ibẹ̀ ni ìnagijẹ Kọ-Ọ́-Sílẹ̀ ti bẹ̀rẹ̀.

Wọ́n parí ilé ẹ̀kọ́ girama ní ọdún 1971, wọ́n sì wọ iṣẹ́ ní yunifásítì ní 1975 gẹ́gẹ́ bí òṣìṣẹ́ tó ń fi táípù tẹ̀wé. Ní 1978 wọ́n fẹ́ bàbá wa, tó ń tún ẹ̀rọ yàrá àyẹ̀wò ṣe níbẹ̀. Bàbá a máa fi wọ́n ṣe yẹ̀yẹ́ pé ìwé ìfẹ́ tí òun kọ sí wọn, ẹ̀dà mẹ́ta ni wọ́n ṣe. Pẹ̀lú ọmọ lẹ́yìn ni wọ́n fi kẹ́kọ̀ọ́ òfin, wọ́n gboyè ní 1989, wọ́n sì di olórí ẹ̀ka tó ń gba ẹ̀sùn àwọn akẹ́kọ̀ọ́.

Ọdún 1994 ni ohun tó dùn wọ́n jù láyé ṣẹlẹ̀. Akẹ́kọ̀ọ́bìnrin kan wá fi ẹjọ́ olùkọ́ tó ń yọ ọ́ lẹ́nu sùn. Nígbà tí Màmá ń fi ìwé pe olùkọ́ náà, wọ́n ṣèèṣì so ẹ̀dà ẹ̀sùn mọ́ ọn, tòun ti orúkọ ọmọ náà. Kí ọ̀sẹ̀ tó parí, olùkọ́ náà àti àwọn ènìyàn rẹ̀ ti fi ọmọ náà ṣẹ̀sín débi pé ó kẹ́rù kúrò nílé ẹ̀kọ́. Màmá lọ tọrọ àforíjì lọ́wọ́ rẹ̀ àti àwọn òbí rẹ̀, wọn kò wá àwáwí kankan. Láti ìgbà náà, nọ́ńbà ni wọ́n ń kọ sára ẹ̀sùn. Àwọn orúkọ wà nínú ìwé kan ṣoṣo, nínú kọ́bọ́ọ̀dù onírin, kọ́kọ́rọ́ rẹ̀ sì ń bẹ lọ́rùn wọn. Àwa ọmọ rò pé ẹ̀gbà ni.

Ní 2012, ìjọba ṣòfin pé yunifásítì tí kò bá lè fi hàn pé òun ń gbọ́ ẹ̀sùn akẹ́kọ̀ọ́, tó sì ń pa àṣírí wọn mọ́, yóò pàdánù ìwé àṣẹ. Ọdún náà gan-an ni akẹ́kọ̀ọ́ mẹ́ta fẹjọ́ ọ̀jọ̀gbọ́n ńlá kan sùn. Ọ̀gá àgbà yunifásítì ní kí Màmá mú orúkọ wọn wá. Màmá fàáké kọ́rí. Wọ́n ní, "Ẹ gba iṣẹ́ yín tẹ́ ẹ bá fẹ́, sà. Orúkọ ọmọ ọlọ́mọ, mi ò ní í fún yín." Ọ̀gá ní kí wọ́n lọ rọọ́kún nílé. Màmá kọ́kọ́ gba àṣẹ ilé ẹjọ́ pé ẹnikẹ́ni kò gbọ́dọ̀ já kọ́bọ́ọ̀dù náà, kí wọ́n tó lọ.

Lóṣù kẹrin tí Màmá ti wà nílé, àwọn aṣàyẹ̀wò ìjọba dé, kò sì sí ẹni tó lè to fáìlì ẹ̀sùn onínọ́ńbà náà fún wọn. Ni ọ̀gá bá ránṣẹ́ pe Màmá. Wọ́n to iṣẹ́ ọdún méjìdínlógún sórí tábìlì: ọjọ́, ẹ̀sùn, ìgbésẹ̀, ìdájọ́, láìsí orúkọ kan. Olórí aṣàyẹ̀wò yẹ̀ ẹ́ wò fún ọjọ́ méjì, ó yíjú sí ọ̀gá: "Ṣé màmá yìí náà lẹ ní kí wọ́n lọ rọọ́kún?" Ìwé àṣẹ kò bọ́. Iṣẹ́ bọ́ lọ́wọ́ ọ̀jọ̀gbọ́n náà, àwọn akẹ́kọ̀ọ́ mẹ́tẹ̀ẹ̀ta gboyè, Màmá sì padà sẹ́nu iṣẹ́ pẹ̀lú ìgbéga. Inú wa dùn ju bí a ṣe lè sọ lọ.

Nínú ìjọ, Màmá ló ń kọ orúkọ àwọn akọrin tó pẹ́ dé sínú ìwé. Pásítọ̀ pàápàá kò yọ nínú rẹ̀.

Ní òpin ọdún 2012 náà, obìnrin abiyamọ kan wọ ọ́fíìsì wọn. Akẹ́kọ̀ọ́bìnrin ọdún 1994 yẹn ni. Ó ní, "Mo gbọ́ ohun tẹ́ ẹ ṣe, Mà. Mo fẹ́ wá parí ìwé mi." Ó gboyè òfin ní 2017; Màmá pàtẹ́wọ́ títí àwọn èèyàn fi ní kí wọ́n jókòó. Nígbà tí wọ́n fẹ̀yìn tì ní 2018, òun ni yunifásítì fi sí àyè wọn, Màmá sì fi ọwọ́ ara wọn so kọ́kọ́rọ́ náà mọ́ ọn lọ́rùn.

Màmá sùn ní 2024, lẹ́ni ọdún mọ́kànléláàádọ́rin. Wọ́n fi bàbá wa, ọmọ mẹ́rin, ọmọ-ọmọ mọ́kànlá àti àbúrò méjì sáyé lọ. Obìnrin náà jókòó láàárín àwa ọmọ lónìí, kọ́kọ́rọ́ ń dán lọ́rùn rẹ̀.

Ẹ sinmi ní àlàáfíà, ẹ sùn re, Màmá. A ti kọ ọ́ sílẹ̀, tọjọ́ taago.