Bóòtù Tí Òtútù Ṣẹ́

Takie, Ògbómọ̀ṣọ́,
Oṣù Kọkànlá, 1988.

Olúfúnkẹ́ ọmọ mi,

Ṣé dáadáa ni o wà ní Èkó? Ṣé iṣẹ́ ẹnjiníà ò nira jù? Olúwa yóò máa ṣọ́ àlọ àti àbọ̀ rẹ. Àwa náà wà láàyè, ṣùgbọ́n ojú ń tì wá gan-an ni.

Ọ̀rọ̀ bóòtù ni. Nígbà tí o wálé lọ́dún Àjíǹde, o sọ fún bàbá rẹ ní ṣọ́ọ̀bù tí a ti ń ta bóòtù àti nọ́ọ̀tì pé bóòtù tó le jù kọ́ ló dára fún ibi tó tutù, pé òtútù máa ń mú kí irin líle ṣẹ́ bí àwo, kí ó máa ta irin funfun tí kì í dípẹtà fún àwọn oníyìnyín. Bàbá rẹ rẹ́rìn-ín lójú àwọn oníbàárà, ó ní ọmọ tí òun bí ló fẹ́ kọ́ òun ní bóòtù. Èmi náà bá a rẹ́rìn-ín.

Lọ́sẹ̀ tó kọjá, Alùhájì Mashood tó ní ilé iṣẹ́ yìnyín ní Sábó wá ra bóòtù tí wọn yóò fi de páìpù gáàsì tútù tó ń mú omi di yìnyín. Bàbá rẹ kó bóòtù dúdú ti ọkọ̀ akẹ́rù fún un, ó ní èyí tó ń gbé tírélà, kí ni yìnyín fẹ́ fi í ṣe. Wọn ò tíì tan ẹ̀rọ náà pẹ́ tí bóòtù fi ṣẹ́. Gáàsì tú jáde, ó ń ta wọ́n lójú bí ata, gbogbo èèyàn ń sá, ẹja tí àwọn ẹlẹ́ja kó síbẹ̀ sì bàjẹ́. Ọpẹ́ ni pé kò sẹ́ni tó kú. Alùhájì ò pariwo, ó kàn gbé bóòtù tó ṣẹ́ náà sórí káńtà, ó kí wa, ó lọ. Ìyẹn ló dùn wá jù.

Bàbá rẹ ti lọ sọ́dọ̀ àbúrò rẹ̀ ní Ọ̀yọ́. Ó ní òun lọ kí i ni, ṣùgbọ́n gbogbo aṣọ rẹ̀ ló kó dání. Èmi ni mo wà ní ṣọ́ọ̀bù. Mo ti fi òrí pa àwọn bóòtù tó kù lára, mo sì fi àwọn súwẹ́tà tí o wọ̀ ní kékeré wé wọn kí òtútù má bàa rí wọn mú. Jàmíù tó ń tún ẹ̀rọ Alùhájì ṣe rí i, ó rẹ́rìn-ín títí ó fi jókòó sílẹ̀. Ṣé kí n fi róòbù kún un ni?

Jọ̀wọ́, fi owó díẹ̀ ránṣẹ́ kí n fi bẹ àwọn ẹlẹ́ja, kí o sì fi bóòtù tó yẹ rán awakọ̀ sí Alùhájì. Bàbá rẹ tún ránṣẹ́ láti Ọ̀yọ́ pé kí n bi ọ́ bí èèyàn ṣe ń dá irin funfun yẹn mọ̀, pé kí n sọ pé èmi ni mo fẹ́ mọ̀. Nítorí náà, èmi ni mo fẹ́ mọ̀ o.

Olúwa kò ní dójú tì ọ́ láàárín ẹgbẹ́ rẹ. Àṣẹ.

Èmi ni ìyá rẹ,
Dorcas.