Gọ́tà Tí Mo Yà Sínú Odò

Ilé Fọláwẹwọ́,
Ọ̀nà Ìjù,
Ọ̀tà.
Ọjọ́ kẹrìnlá, oṣù Ọ̀wàrà, 1956.

Ẹ̀gbọ́n mi Láwàlì,

Ọjọ́ Jímọ̀, ọjọ́ kẹwàá oṣù Òkúdù ọdún 1949, ni mo ṣẹ̀ yín, ẹ kò sì mọ̀. Kí n tó ṣàlàyé, ṣé àlàáfíà ni ẹ wà ní Adó-Odò? Àwọn ọmọ ńkọ́? Ṣé ẹsẹ̀ tó ń dùn yín ti fúyẹ́? Ara tèmi le; oorun nìkan ni n kò rí sùn.

Ẹ rántí pé nígbà tí mo kẹ́kọ̀ọ́ṣẹ́ tán ní Yábàá, èmi ni wọ́n fi ṣe olórí àwọn tó la gọ́tà ọjà. Ìlànà tí wọ́n fún mi ni pé kí omi òjò nìkan máa ṣàn lọ sódò, kí ohun tó bá kún jáde nínú ṣáláńgá ọjà gba gọ́tà kejì wọ inú kòtò ńlá kan, kí ilẹ̀ lè fà á mu. Ẹ̀yìnkùlé wa ni ìwọ̀n ilẹ̀ gbé kòtò náà sí, lẹ́bàá ibojì bàbá mi. Ojú tì mí láti sọ fún ẹbí pé ẹ̀gbin ìlú ni ìwé tí mo kà fẹ́ gbé wá bá òkú wa. Ní Jímọ̀ yẹn, mo ya gọ́tà méjèèjì sínú odò.

Nígbà tí òjò dé, odò ń rùn, inú sì ń run àwọn ọmọdé. Ìyá yín Àdìzát, tó ń wẹ òkú fún gbogbo wa, tó sì ń fọ aṣọ wọn létí odò, ni àwọn obìnrin di ẹ̀bi náà rù. Ẹ kò sí nílé lọ́jọ́ tí ọ̀kan nínú wọn, Kùdírátù, wí pé, "Gbé àkísà òkú rẹ kúrò nínú omi àmumu wa." Ìyá dáhùn pé, "Ìyá rẹ wà nínú òkú tí mo wẹ̀. Ṣé àkísà lo pe aṣọ rẹ̀ lọ́jọ́ náà?" Kùdírátù yíjú sí mi: "Ọ̀gá gọ́tà, ṣé mo parọ́ ni?" Mo dákẹ́. Ìyá wò mí títí, wọ́n gbé ọpọ́n ìfọṣọ wọn, wọ́n lọ. Oṣù náà kò tíì parí tí ẹ fi jọ kó kúrò nílùú, Ìyá kò sì padà wá títí ọlọ́jọ́ fi dé.

Láti ìgbà náà, bí òjò bá ti ṣú, mo ń rí Ìyá létí odò, tí wọ́n ń fún aṣọ funfun kan. Omi inú aṣọ náà kì í tán. Àwọn àgbà ní bí irọ́ lọ lógún ọdún, ọjọ́ kan ni òtítọ́ á bá a.

Ní Jímọ̀ ìjẹta, lẹ́yìn ìrun, mo dìde ní mọ́ṣáláṣí, mo sọ fún gbogbo ìjọ pé èmi ni mo ba omi jẹ́, kì í ṣe Ìyá.

Ẹ bá mi kí Ràfátù, ìyàwó yín. Kùdírátù náà kí yín. Ó ní òun kò mọ ẹnu tí òun yóò fi kí yín.

Lánàá ni mo gbẹ́ kòtò náà tán lẹ́yìnkùlé wa. Àwọn ẹbí dúró lẹ́nu ọ̀nà, kò sẹ́ni tó kí mi kú iṣẹ́. Mo fọwọ́ ara mi dí gọ́tà ìdọ̀tí náà lójú odò, mo sì yí i wá sílé bàbá mi.

Àbúrò yín tó jẹ̀bi ni mí,
Mùkáílà Fọláwẹwọ́