Ta Ló Ń Fọṣọ Nílùú Tí Gbogbo Èèyàn Ti Dọ́gba?

Yàrá Kẹta,
Ẹ̀yìn Ilé Ìfọṣọ.
Ọjọ́ kẹsàn-án, oṣù Kẹta.

Ọ̀rẹ́ mi àtàtà, ọmọ ìyá tí ìyá mi ò bí,

Ṣé àlàáfíà lo wà? Ọkọ ńkọ́? Àwọn ọmọ ńkọ́? Ẹsẹ̀ tó ń dùn ọ́ ńkọ́? Èmi náà wà, bí ẹni tí kò sí. Lẹ́tà ìbánikẹ́dùn rẹ lórí ikú ọkọ mi tẹ̀ mí lọ́wọ́. O ṣeun, Ọlọ́run ò ní jẹ́ ká fi irú ẹ̀ san án fún ọ.

O bi mí bóyá ó ka ìwé náà tán, èyí tó o fún wa nígbà tó o fiṣẹ́ sílẹ̀. Kò kà á tán. Ojoojúmọ́ ló ń kà á fún wa bí a bá pa áyọ́ọ̀nù láti jẹun ọ̀sán, tí gbogbo ilé ìfọṣọ fi ń pè é ní Tíṣà. Ìwé àtijọ́ ni, ṣùgbọ́n a fẹ́ràn ìlú inú rẹ̀: gbogbo ilé ga bákan náà, kò sí kọ́kọ́rọ́, kò sí olówó, kò sí tálákà. Lọ́jọ́ kan, Ìyá Ọṣẹ, tó ń dúró ti ẹ̀rọ ìfọṣọ, já lu ọ̀rọ̀ rẹ̀:

“Tíṣà, dúró ná. Ta ló ń fọ ṣòkòtò olórí ìlú yẹn?”

Gbogbo wa bú sẹ́rìn-ín. Ọkọ mi ò rẹ́rìn-ín. Ó wo ìwé náà pẹ́, ó wá kà á jáde pé: “Kálukú ló ń fọṣọ ìlú lọ́jọ́ tirẹ̀, títí kan olórí ìlú.”

“Ẹ gbé mi débẹ̀ o!” ni Ìyá Ọṣẹ wí. Látìgbà náà, ẹni tó bá ń ṣọ̀lẹ, a ó ní, “Olórí ìlú, ọjọ́ tìẹ ló pé o.”

Lẹ́yìn tí a sin ín, àwọn ará ibi iṣẹ́ ní kí n máa bá kíka ìwé náà lọ. Ojú ìwé yẹn ni mo kọ́kọ́ wá, torí mo fẹ́ gbọ́ ohùn rẹ̀. Ohun tó wà lẹ́yìn ẹ̀fà mà ju èje lọ. Ọ̀rọ̀ tó kà kò sí níbẹ̀! Ohun tí wọ́n kọ ni pé àwọn ẹrú tí wọ́n kó láti ibòmíì ló ń fọṣọ. Ìlà kan péré, òǹkọ̀wé sì kọjá sórí ọgbà òdòdó. Ọkọ mi ló fi ẹnu ara rẹ̀ tún ìlú náà ṣe nítorí tiwa.

Òǹkọ̀wé tó lá àlá tó dára tó yẹn, ojú rẹ̀ ò dé ẹ̀yìnkùlé níbi tí wọ́n ti ń fọṣọ. Bí ẹnikẹ́ni bá ń ṣèlérí fún wa lónìí pé gbogbo èèyàn yóò dọ́gba, ẹ̀yìnkùlé ni mo kọ́kọ́ ń wò báyìí.

Lánàá, Ìyá Ọṣẹ ní kí n tún ibẹ̀ kà. Mo ń wo “ẹrú” gàdàgbà lójú ìwé, mo sì kà á bí ọkọ mi ṣe kà á. Nígbà tí wọ́n padà sídìí iṣẹ́, mo mú pẹ́ńsù, mo kọ ọ̀rọ̀ rẹ̀ sẹ́gbẹ̀ẹ́ ìlà náà. Mi ò pa ti òǹkọ̀wé rẹ́. Kí ẹni tó bá kà á lẹ́yìn wa rí méjèèjì.

Bá mi kí ọkọ rẹ àti àwọn ọmọ. Áyọ́ọ̀nù ọkọ mi ṣì wà ní àyè rẹ̀. Kò tíì sẹ́ni tó fọwọ́ kàn án.

Èmi ni, ọ̀rẹ́ rẹ tó o fi sílẹ̀ nídìí aṣọ,
Ìyàwó Tíṣà.