Ẹ̀ẹ̀kan Ni Mo Pè É

Bàbá mi tí í fi itọ́ ṣí ìwé,

Kí n tó sọ ohun mìíràn, ẹ jọ̀ọ́, ẹ má pe Tọ́ńtọ́n Délé, ọ̀rẹ́ yín. Bí ẹ bá sì ti pè é, ẹ sọ fún un pé àṣìṣe ni. Ọ̀la ló ń gun alùpùpù lọ sí Savalou, ọ̀nà kan náà tí ẹ̀yin méjèèjì jọ gbà lọ́jọ́ yẹn, èmi ni mo sì fà á. Ẹ jẹ́ kí n rò ó fún yín bó ṣe jẹ́ kí ẹ tó bínú.

Ẹgbẹ́ ìwé kíkà yín kò tíì tú ká. Ní ọ̀sán gbogbo ọjọ́ Àìkú, a ṣì ń pàdé ní ọ̀dẹ̀dẹ̀ Ìyá Ràfíù, láàárín àwọn ìgò epo bẹntiróò rẹ̀. Kò gbà kí ẹnikẹ́ni tan iná níbẹ̀ títí di òní, tẹlifóònù pàápàá, ó ń wò ó bí ẹni ń wo ìṣáná. Bí oòrùn bá ti wọ̀, ìwé parí nìyẹn, ibi yòówù kí ọ̀rọ̀ dé. Ẹ̀gbọ́n Múfù aránṣọ ló ń ka Faransé fún wa báyìí. Ọdún méjì tó lò ní yunifásítì kó tó padà wálé ò tíì kúrò lára ẹ̀. Ó ń kàwé bíi ẹ̀rọ ìránṣọ rẹ̀, kata-kata-kata, kì í mí. Ẹ̀yin máa ń ka gbólóhùn kan, ẹ ó dákẹ́, ẹ ó nu ìka tí ẹ fi kan itọ́ mọ́ ṣòkòtò, kí ẹ tó sọ ọ́ ní èdè wa. Èrò mi nígbà náà ni pé ẹ ń wá ọ̀rọ̀. Àbí ẹ kàn ń gbádùn ìdákẹ́jẹ́ẹ́ yẹn ni?

Òfin yín náà ṣì wà: kò sẹ́ni tó gbọ́dọ̀ tako ẹnìkejì láìjẹ́ pé ó kọ́kọ́ sọ ọ̀rọ̀ onítọ̀hún dáadáa, tí onítọ̀hún á fi gbà pé ohun tí òun wí nìyẹn. Òfin yẹn ló mú mi wọ àárín yín, ẹ rántí? Mo ti fi ohùn dìrẹ́tọ̀ ilé ìwé wa tú gbogbo kíláàsì sílẹ̀ ní agogo mẹ́sàn-án àárọ̀, tòun ti ikọ́ rẹ̀, wọ́n sì lé mi. Ẹ lọ bẹ̀ wọ́n, wọn ò gbọ́. Ẹ ò bá mi sọ̀rọ̀ títí a fi kọjá ọjà. Lẹ́yìn náà ẹ dá alùpùpù dúró, ẹ ní kí n tún ikọ́ yẹn hú. Ẹ rẹ́rìn-ín títí omi fi ń jáde lójú yín. Lọ́jọ́ Àìkú tó tẹ̀ lé e, ẹ mú mi jókòó sáàárín àgbà, mo sì fi ohùn Ìyá Ràfíù, tòun ti ẹnu Ògbómọ̀ṣọ́ rẹ̀, sọ èrò Ìyá Ràfíù fún Ìyá Ràfíù.

"Ẹ wo ọmọbìnrin elétekéte yìí! Ó kó gbogbo Ògbómọ̀ṣọ́ wá sí Bantè!" Ó ń bú mi, ó ń bu gúgúrú fún mi.

Tọ́ńtọ́n Délé tí mo mú bí arákùnrin yín nìkan ni kò wá mọ́. Láti ọjọ́ tí ewúrẹ́ ti já lu alùpùpù rẹ̀, tí ẹ ṣubú lẹ́yìn rẹ̀ tí ẹ ò dìde, tí òun dìde pẹ̀lú egbò ìgúnpá lásán, kò yà sọ́dọ̀ wa mọ́. Ìwé tó wà nínú ẹ̀wù yín lọ́jọ́ náà, èyí tí ẹ ṣẹ̀ṣẹ̀ yá lọ́wọ́ màmá tó ti fẹ̀yìn tì lẹ́nu iṣẹ́ olùkọ́ ní Savalou, ọwọ́ rẹ̀ ló wà. Ìwé lórí ọkàn èèyàn ni. Kò sẹ́ni tó ṣí i.

Àánú rẹ̀ ń ṣe mí, Bàbá. Ṣùgbọ́n mi ò ní purọ́ fún yín, eré tún wà nínú ẹ̀. Nígbà tí kájú ń pọ́n, mo lọ dúró sẹ́yìn àká rẹ̀ lójú ọ̀nà Akpassi, ní ìrọ̀lẹ́. Mo tún ọ̀nà ọ̀fun ṣe lẹ́ẹ̀mejì, bí ẹ ṣe máa ń ṣe. Mo wá ké bí ẹ ṣe máa ń ké láti ẹnu ọ̀nà ilé wa: "Délé o! Ìwé ti ṣí o!"

Mo rò pé á jáde, á rí mi, á fi igi lé mi, a ó jọ rẹ́rìn-ín, màá sì fà á lọ́wọ́ wá. Kò jáde. Gbogbo inú àká pa rọ́rọ́. Ẹ̀rù bà mí, mo sì gba inú kájú sá lọ.

Lọ́jọ́ Àìkú, ó dé. Ó ti wẹ̀, ó wọ aṣọ funfun, ìwé wà lábíyá rẹ̀. Inú mi dùn, mo fẹ́rẹ̀ẹ́ fò. Ó kí wa lọ́kọ̀ọ̀kan bí ẹni tó ń lọ sí ìrìn àjò, ó jókòó, ó ní: "Ọ̀rẹ́ mi pè mí. Mo ti dá a lóhùn. Mo ní mò ń bọ̀."

Ìyá Ràfíù fi ọwọ́ bo ẹnu. Ẹ̀gbọ́n Múfù ṣí ìwé náà kíákíá, ó wá ibì kan, ó kà á fún wa pé etí ẹni tó ń ṣọ̀fọ̀ a máa dá ohùn tó ń wá gbọ́. "Ṣé ẹ rí i, Tọ́ńtọ́n? Ọ̀fọ̀ ni. Kò sẹ́ni tó pè yín."

"Ìwé yẹn ti sin òkú rí ni?"

"Ìmọ̀ ni, Ìyá Ràfíù, kì í ṣe àlọ́."

"Sọ tèmi ná kí o tó tako mí! Òfin ni!"

"Ẹ ní ìwé ò tíì sin òkú rí."

"Wò ó bó ṣe ń sọ ọ́! Ọmọ yìí ni kó bá mi sọ ọ́."

Wọ́n rẹ́rìn-ín, Tọ́ńtọ́n náà rẹ́rìn-ín, gbogbo wọn yíjú sí mi. Ẹnu mi tó mọ ọ̀rọ̀ gbogbo ayé sọ, kò lè sọ tara rẹ̀. Mo ní orí ń fọ́ mi.

Láti ọjọ́ náà ló ti ń pín nǹkan. Ó gbé rédíò rẹ̀ fún Múfù. Ó fún aládùúgbò ní ọkọ́ àti àdá. Ó fún mi ní awò ojú tó fi ń kàwé, mo kọ̀, ó fi há mi lọ́wọ́. A ò tíì ka ìwé náà dé ìdajì tó fi ní òun ń dá a padà fún màmá Savalou, lọ́jọ́ Sátidé, òun nìkan, lórí alùpùpù yẹn. Mo ní kó jẹ́ ká parí ẹ̀ ná. Ó wò mí, ó rọra rẹ́rìn-ín. "Èyí tó kù, bàbá rẹ á sọ ọ́ fún mi."

Bàbá, ṣé ẹ mọ bí ara èèyàn ṣe ń rí, tó bá gbọ́ irú ìyẹn?

Lónìí, mi ò lè pa á mọ́ra mọ́. Mo bá a nínú àká, mo kúnlẹ̀ sórí èèpo kájú.

"Tọ́ńtọ́n, èmi ni mo pè yín. Ẹ dárí jì mí. Kì í ṣe Bàbá."

Ó fà mí dìde. "Ẹ̀ẹ̀melòó lo pè mí?"

"Ẹ̀ẹ̀kan."

"Ẹ̀ẹ̀mẹ́ta ni mo gbọ́."

Ẹ̀yin náà mọ ohun tí ìyá yín kọ́ gbogbo ọmọ ilé wa àti àwọn ọ̀rẹ́ wọn. Ohun tí ń jí ohùn ẹni ẹlẹ́ni lò kì í lè pè dé ẹ̀ẹ̀mẹ́ta. Ẹni tó bá pè lẹ́ẹ̀mẹ́ta, òun fúnra rẹ̀ ni. Tọ́ńtọ́n ní òun jókòó jẹ́ẹ́ nígbà àkọ́kọ́, òun tún jókòó jẹ́ẹ́ nígbà kejì. Ìgbà tó pé mẹ́ta ni òun tó lanu.

Mo fẹ́ jiyàn. Mo fẹ́ sọ pé bóyá òótọ́ ni Múfù, pé etí rẹ̀ ló dá méjì tó kù gbọ́. Ó gbọ́wọ́ sókè. "Rárá. Bí bàbá rẹ ṣe kọ́ wa. Sọ tèmi ná."

Mo bá fi ohùn rẹ̀ sọ ọ́, pẹ̀lú ìgbọ̀nrìrì tó wà nínú ẹ̀: "Ẹ̀ẹ̀mẹ́ta ni mo gbọ́." Ó jáde lẹ́nu mi bí ẹni pé mo wà níbẹ̀, bí ẹni pé èmi náà gbọ́ ọ.

"Ohun tí mo wí nìyẹn. Ó yá, tako mí."

Mo kàn bẹ̀ ẹ́ kó jẹ́ kí n bá a lọ. Ó pẹ́ kó tó ní kò burú, kí n máa bá òun gbé ìwé náà dání. Ìyá Ràfíù ti rọ epo kún alùpùpù, ó ń ṣàdúà, kò sì gba kọ́bọ̀. Màmá nílé ò mọ̀. Ibi tí ẹ jókòó sí lèmi náà máa jókòó sí lọ́la.

Bàbá, ṣé ẹ̀yin lẹ pe méjì tó kù? Òfin ni kí n sọ tiyín ná kí n tó tako yín. Mo gbìyànjú ẹ̀ nísàlẹ̀ ọ̀fun, kí Màmá má bàa gbọ́: "Délé, ibí dá páropáro. Mi ò rí ẹni bá jiyàn." Ṣé ohun tí ẹ wí nìyẹn? Bó bá jẹ́ òun ni, ó dùn mí, àmọ́ mo tako yín. Àwa náà ò rí ẹni bá jiyàn. Ìwé náà ku ju ìdajì lọ, ẹ jẹ́ kó padà wá bá wa yá òmíràn.

Bí ẹ bá tún pè é lójú ọ̀nà, mi ò ní dúró kó pé mẹ́ta. Láti ẹ̀yìn rẹ̀ ni màá ti fi ohùn rẹ̀ dá yín lóhùn kó tó lanu, màá ní Délé ò lè wá. Ẹ ò ní mọ̀ pé èmi ni.

Àbí ẹ máa mọ̀?

Ọmọbìnrin yín tó fẹ́ràn yín, ohùn ara mi ni mo fi kọ èyí.